Ìyá Àgbà Ti Ilẹ̀kùn Mẹ́ta

Ní Kayseri, yìnyín ti bo orí òkè Erciyes
kí ìwé owó gáàsì tó dé ẹnu ọ̀nà wa.
Ìyá àgbà mi, Nebahat, kà á lẹ́ẹ̀kan,
ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà,
bí ẹni pé ìdọ̀tí ojú awò ló sọ ẹgbẹ̀rún kan di méjì.
Lẹ́yìn náà ó fi abọ́ ṣúgà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀,
ó dìde,
ó ti ilẹ̀kùn mẹ́ta.

Yàrá mẹ́rin là ń sanwó rẹ̀, yàrá kan là ń gbé.
Ó ká ẹ̀wù àtijọ́, ó fi dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn.
“Afẹ́fẹ́ ò bá wa san owó ilé,” ó ní,
“kò gbọdọ̀ bá wa sùn.”

Kò jókòó kọ́ mi rí. Ẹnu iṣẹ́ ni ẹ̀kọ́ ti ń já bọ́:
omi tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò tíì,
òun la fi ń fọ abọ́ tó lọ́ràá.
Ẹ̀wà, bó bá ti hó dáadáa, pa iná,
fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìkòkò bí ọmọ tuntun,
kí o gbàgbé rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́;
ooru ara rẹ̀ ni yóò sè é jinná.
Búrẹ́dì tó le bí òkúta, rún un,
da omi ẹran gbígbóná lé e, bu wàrà kíkan sí i.
Èyí tí eyín bá kọ̀, fi ọ̀rá kọ́ ọ sára géètì,
ẹni tó ní adìyẹ yóò mú un lọ láìkan ilẹ̀kùn.
Má fi ebi lọ sọ́jà: ojú tí ebi ń pa kì í mọye.
Dúró di ìgbà tí ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá ń ká tapólì,
tí kò fẹ́ gbé àpótí rẹ̀ padà sílé.
Ta ló ń wo bí káróòtì ṣe wọ́ nínú ọbẹ̀?

Mo rò pé mo ti mọ ọgbọ́n rẹ̀ tán,
títí di alẹ́ Ọjọ́rú kan tí mo ń wá abẹ́rẹ́.
Nínú agolo bisikíìtì tí kò sí bisikíìtì nínú rẹ̀
mo rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.
Ó ti fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì méjì,
ó tò wọ́n bí ẹni to owó ẹyọ.
Mo kà wọ́n. Ìdajì mọ́kànlélógún.

“Oṣù á lè gùn sí i báyìí,” ó ní.
“Ìyá àgbà, oṣù á gùn. Ẹ̀yin ńkọ́?”
Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ wá èsì tì.

Nítorí náà, èmi akẹ́kọ̀ọ́ fi ìlà kan kún un:
ẹ ṣọ́ gáàsì lò, ẹ ṣọ́ ọṣẹ lò,
ẹ gé kànrìnkàn ìfọbọ́ sí méjì bó bá wù yín.
Ẹ má gé oògùn.

Lọ́jọ́ kejì mo kan ilẹ̀kùn Ṣaziye lókè àtẹ̀gùn,
opó tí òun náà ń dá yàrá kan mú gbóná.
Bí iná kan bá ṣe ti ilé méjì ńkọ́?
Ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ yín.
Ọdún mẹ́sàn-án ni wọn ò ti kí ara wọn
nítorí okùn ìsáṣọ kan tí ẹnìkan já.
(N kò mọ ẹni tó já a. Àwọn náà ò mọ̀ mọ́.)

Ṣaziye gbé àga rẹ̀ wá, ó mú ife rẹ̀ dání,
àti ẹyọ ṣúgà kan tó fi bébà wé,
kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun wá jẹun.
Wọn ò sọ̀rọ̀ títí ìròyìn aago mẹ́sàn-án fi parí.
Ìyá àgbà mi wá na ọwọ́ sí ọ̀bẹ,
ọ̀bẹ oògùn yẹn gan-an,
ó la ẹyọ ṣúgà náà sí méjì,
ó ju ìdajì sínú ife Ṣaziye,
ó ju ìdajì sínú tirẹ̀,
ó ní, “Fa ẹsẹ̀ rẹ sún mọ́ iná.”